Tiwalọlá Ti Kó Lọ sí Ilé Ìjọba

Ọládèjì, ọkọ mi, ó pé ọdún mẹ́fà lónìí tí o ti sùn. Àwọn ẹlòmíì máa ń gbé òdòdó lọ fún òkú wọn. Ẹjọ́ ọmọ rẹ ni èmi Bọ́lánlé gbé wá.

Níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, “ẹ” ni mo máa ń pè ọ́. Tó bá ku àwa méjì, “ìwọ” ni. Ká ṣe bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa, jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá ọ sọ ọ́ nínú yàrá wa.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro èyí tó dùn. A ti kan òrùlé ilé Ìkòròdú. Bọ̀dá Láyí, ẹ̀gbọ́n rẹ, ló dúró ti àwọn bíríkìlà títí iṣẹ́ fi parí, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ńtì wa ṣeré. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Àgùdà ṣì wà níbi tó wà, yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mò ń rán jù báyìí. Ìwé ìwádìí tí o kọ lórí àwọn ọmọ ilé ìjọba Mushin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kà á. Wọ́n ń pè mí nígbà míì láti bi mí léèrè nípa rẹ. Inú mi a dùn. Kì í pẹ́ tí ayọ̀ náà fi ń lọ.

Wọ́n ní òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ó dáa. Òwú bàbá ni ọmọ tèmi ń ran. A bẹ Tiwalọlá títí kó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó ní iṣẹ́ bàbá òun lòun máa ṣe. Mo gbà. Ó ní ìṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta lòun fẹ́ ṣèwádìí lé lórí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Mo tún gbà, mo rò pé inú ìwé ló máa wà. Ó wá sọ fún mi pé òun ti gba yàrá sínú ilé ìjọba apá Mushin. Ilé ìjọba yẹn gan-an! Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé ọ ṣubú lórí àtẹ̀gùn! Ọládèjì, díẹ̀ ló kù kí n bá ọ lọ lọ́jọ́ náà.

Ìwọ mọ ibẹ̀ jù mí lọ. Ìjọba ayé àtijọ́ kọ́ ọ fún àwọn òṣìṣẹ́, ìjọba sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Yàrá tó yẹ tọkọtaya, ìdílé mẹ́ta ló ń gbé inú rẹ̀. Ògiri ti lanu. Àwọn géńdé tí kò ríṣẹ́ ti pín ara wọn sí méjì bí ilé náà ṣe pín sí méjì: Abdullateef ló ń darí àwọn Ilé Òkè, Sàlíhù ló ń darí àwọn Ilé Ìsàlẹ̀. Àgbàlá kan ló wà láàárín wọn, ẹ̀rọ omi kan ló wà nínú àgbàlá. Géètì kan ṣoṣo ló jáde sí títì, iwájú Ilé Ìsàlẹ̀ ló sì wà.

Mo ti búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀ láyé mi. Kì í ṣe pé mo bá wọn bínú. Ọmọ Òkè àti ọmọ Ìsàlẹ̀ ló jọ gbé ọ sórí mátírẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sáré gbé ọ dé títì, tí wọ́n ń sunkún. Mi ò gbàgbé. Ojú mi ni kò lè rí àtẹ̀gùn yẹn.

Ìwọ ní bí o ṣe ń ṣe tìrẹ. Tó o bá mu omi lÓkè, o ò ní kúrò láìmu omi nÍsàlẹ̀. Tí wọ́n bá bu oúnjẹ fún ọ lápá kan, wàá tọ́ ọ wò lápá kejì, bó ti wù kó o yó tó. Tí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, ẹ̀bá ẹ̀rọ omi ni o máa ń dúró sí. Wàá fi owó ránṣẹ́, wàá súre, o ò sì ní sọ ọmọ kankan lórúkọ. Mo bi ọ́ nígbà kan pé kí ló dé. O rẹ́rìn-ín, o ní ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ ti di ẹbí, pé ẹbí ẹnì kan kò sì lè bá ẹni méjì sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú ìwé rẹ. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tìbú tòró, kò sí níbẹ̀. Báwo ni Tiwa ṣe fẹ́ mọ̀?

Aneesah, ìyàwó Abdullateef, bí ọmọbìnrin. Wọ́n pe Tiwa síbi ìsọmọlórúkọ. Ọmọ tí mo tọ́ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà. Nígbà tí Àfáà ka orúkọ tán, tí ẹbí àti ará ń fi owó sínú àwo, tí kálukú ń sọ orúkọ tirẹ̀, wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní Àǹtí, tiyín ńkọ́? Ọmọ Yorùbá wo ló máa ní òun ò ní orúkọ fún ọmọ tuntun? Ó fi owó sílẹ̀, ó ní Morẹ́nikẹ́. Ilé Òkè hó yèè! Tiwa pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

“Mọ́mì, wọ́n ti gbà mí,” ló wí.

Ọ̀rọ̀ rẹ sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kò pẹ́ tí ìjà omi fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ omi bàjẹ́. Àwọn Ìsàlẹ̀ ti fẹnu kò láàárín ara wọn pé àwọn máa tún un ṣe, kí ó lè wà lábẹ́ àwọn. Kí wọ́n tó dé ìdí ẹ̀rọ, àwọn Òkè ti wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìgò gún àbúrò Sàlíhù lápá. Àwọn Ìsàlẹ̀ wá jókòó, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló tú àṣírí. Ta ni wọ́n tún fẹ́ rò, bí kò ṣe Àǹtí oníwàádìí tó ń wọlé, tó ń jáde, tó ń bi gbogbo ayé léèrè ọ̀rọ̀, tó sì ti sọ ọmọ Abdullateef lórúkọ? Sàlíhù ránṣẹ́ sí i pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá mọ́. Ṣé ó yé ọ, Dèjì? Ilé Òkè ni yàrá rẹ̀ wà, ọmọ wa ò lè jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà dé títì, iwájú wọn ni.

Ó ń parọ́ fún mi! Mo bá pè é, á ní òun ń kọ̀wé. Mo bá ní kó wá jẹun nílé, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Yẹ̀kínnì tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu géètì, ẹni tí ìwọ náà máa ń jókòó tì, ló pè mí tó là á yé mi. Láti ìgbà yẹn, ọkàn mi ò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Mo rán apá òsì mọ́ ọ̀tún lára yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ. Tí fóònù bá dún, àyà mi á já. Tí kò bá dún, àyà mi á tún já.

Bọ̀dá Láyí ní ká kó ọlọ́pàá lọ. Mo ní rárá. Mo ní wọ́n á mú ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀, wọ́n á wa ọkọ̀ wọn lọ, Tiwa ló máa kù síbẹ̀ tí wọ́n á máa wò bí ẹni tó kó ọlọ́pàá wọlé. Inú bí Bọ̀dá Láyí gan-an. Wọ́n ní tí nǹkan kan bá ṣe ọmọ náà, ọrùn mi ló wà. Mo ń gbàdúrà lásán ni, mi ò mọ ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣe.

Yẹ̀kínnì tún pè. Ó ń bá mi sọ nǹkan mìíràn, ó kàn mẹ́nu bà á pé Làbákẹ́, ìyàwó Sàlíhù, ti bí ọkùnrin, pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa sọ ọ́ lórúkọ. Mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Mi ò sọ fún Bọ̀dá Láyí. Mi ò sọ fún Tiwa.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀ láti Ojú Ẹlẹ́gbà lọ sí Mushin. Mo ti mú Àkànní lọ́kàn, orúkọ tí kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Mo ń tún un sọ lábẹ́ ẹnu kí n má baà gbàgbé. Nígbà tí mo wọ géètì, mi ò wo àtẹ̀gùn. Ta ló máa lé obìnrin tó wá kí ọlọ́mọ? Wọn ò lé mi. Sàlíhù wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó tẹríba, torí ó ṣì ní ẹ̀kọ́ ilé, ó wá bi mí pé ta ni mí.

“Ìyàwó Ọ̀gá Dèjì ni mí,” ni mo wí. “Ìyá Tiwalọlá ni mí. Mo wá bá yín yọ̀.”

Sàlíhù gbójú sókè wo fèrèsé kan ní Ilé Òkè, èmi náà sì wo ibẹ̀. Tiwa ló dúró síbẹ̀. Ó ti rù, Dèjì! Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ń wò mí.

Àfáà ka orúkọ tán, ẹbí sọ tiwọn. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo dìde fúnra mi, mo fi owó sínú àwo, mo ní mo ní orúkọ. Àfáà wo Sàlíhù, Sàlíhù wo ilẹ̀. Làbákẹ́ ni kò wo ẹnikẹ́ni. Ó dìde pẹ̀lú ara ríro, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ara ọmọ náà móoru. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo la ẹnu, Àkànní tí mo ti ń kọ́ láti Ojú Ẹlẹ́gbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọládèjì, Ayọ̀miídé ni mo sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, Ayọ̀miídé wa. Orúkọ tí èmi àti ìwọ mú fún ọmọkùnrin tí mo lóyún rẹ̀ lẹ́yìn Tiwa, tí kò dúró. A ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ, a ò sọ ọ́ fún Tiwa. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n, nígbà tí o lọ, ó wá ku èmi nìkan. Mi ò gbèrò pé kí n yọ ọ́ síta. Ó kàn jáde ni.

Làbákẹ́ pe orúkọ náà jẹ́jẹ́. Àwọn obìnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀. Sàlíhù fọwọ́ nu ojú, ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ lọ sọ fún Àǹtí Tiwa,” ló wí, “kó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó la àgbàlá náà kọjá, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó jẹ ìrẹsì Ilé Ìsàlẹ̀, omijé ń kán sínú àwo. Èmi ò lè jẹ tèmi. Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni.

O rò pé ó bá mi lọ sílé? Ọmọ tìrẹ! Ó fọ ọwọ́, ó gbá mi mọ́ra, ó gòkè padà. Ó ní tóun bá lọ lónìí, wọ́n á sọ pé òótọ́ lòun tú àṣírí. Ó ní iṣẹ́ ò tíì parí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ìwọ máa ń sọ fún mi ló ń sọ, ohùn yín tiẹ̀ jọra.

Mi ò ní tàn ọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹ̀rọ omi ti ń ṣiṣẹ́, apá àbúrò Sàlíhù ti ń jinná, síbẹ̀ Sàlíhù àti Abdullateef ò tíì jọ jókòó. Ìwọ ò ṣe ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwa ní ọmọ lÓkè, a ní ọmọ nÍsàlẹ̀, a ti ṣe ti gbogbo wọn. Mi ò mọ èyí tó léwu jù nínú méjèèjì. Fóònù mi kì í kúrò lọ́wọ́ mi, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé aṣọ tí mo rán fún ọmọ náà lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ géètì ni mo gbọ́ ohùn Làbákẹ́ láti ìdí ẹ̀rọ omi, ó ń pariwo bí ẹni pé ọmọ náà lè rìn wá bá a: “Ayọ̀miídé o! Ayọ̀miídé, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wá wẹ̀!”

Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kí ọmọ yìí tó dé, ẹnu rẹ nìkan ni mo ti gbọ́ orúkọ náà rí. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti bi ọ́ pé, Dèjì, ṣé ìwọ náà gbọ́?

O ò sí níbẹ̀. Àárò rẹ ń sọ mí, ọkọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ.