Ìdì Kẹtàdínlógún

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ pátákó ìkéde lónìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ìjọba tó bá ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó ka ìṣúná ọdún yìí, owó oṣù méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọn yóò kà fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí “àyípadà inú ìṣúná” bá kàn lẹ́yìn náà, ọ̀nà mẹ́rin ni wọn yóò pín tirẹ̀ sí, ìdá kan lọ́dún.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń di ìwé níbẹ̀. Ó ku ọdún mẹ́rin kí n lọ pẹ̀lú owó kíkún.

Àyípadà wo? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ìjọba tí kò ra ọṣẹ ìfọwọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa láti ọdún mélòó kan, òun náà ló fẹ́ ka owó oṣù méjìdínlọ́gbọ̀n sí mi lọ́wọ́ lójijì. Adìyẹ tí wọ́n bá ṣàdéédé da ọkà sí níwájú, kó bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi wá, oní-táyà. Ọdọọdún ló máa ń wá lọ́sẹ̀ yìí, tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ẹsẹ̀ ọkọ mi, bàbá ilé, tó ń dùn ún. Ó wá fa àga sún mọ́ mi.

Ó ní, “Àbúrò, bọ́jẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọn ò ní fọwọ́ kan táyà?”

Mo ní èmi kì í kà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nídìí ìkòkò, mo ní mi ò tọ́ ọbẹ̀ wò rí. Mo ní wọ́n ti máa ń dé ìkòkò náà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, okùn ìdérí nìkan ni mò ń so.

Ó ti kó owó igba táyà jọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun rà á báyìí tàbí kóun dúró kí iye rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kó ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ti sọ. Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mu omi rẹ̀ tán.

Òótọ́ rèé, fún ojú ìwé yìí nìkan. A kì í kà á lóòótọ́. Ìdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n máa ń gbé wá, ìdojúbolẹ̀ ni gbogbo ewé rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìdì. A ó rán an, a ó fi gọ́ọ̀mù sí i, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a ó gé etí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ewé kan wò, ẹ̀wọ̀n. Ìbúra wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ìka má ka iye ewé.

Bí wọ́n bá ti ka ìṣúná tán lọ́dọọdún, wọ́n máa ń gbé ìwé náà sí ilé ìkàwé fún gbogbo ayé. Mo máa ń lọ wo nọ́ńbà wo ni ti ta. Ìdì kẹjọ: ojú ọ̀nà. Ìkejìlá: ilé ìwòsàn. Ìkẹtàdínlógún: àwa. Èyí tó kẹ́yìn: owó orí àti owó ibodè. Ọdún kan tí ìdì kẹjọ fi ewé mẹ́jọ nípọn sí i, wọ́n la ọ̀nà. Ọdún kan tí ìkejìlá fẹ́lẹ́, oògùn ọ̀fẹ́ dópin. Ọdún mẹ́ta léraléra, ìka mi ò tàsé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà bàbá ilé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Mo di ẹrù. Bàbá ilé ní kí n má fi ìbínú kọ lẹ́tà kankan níbẹ̀. Mo ní ìṣirò ni, kì í ṣe ìbínú. Ó ní nínú ilé yìí, òun ò tíì rí ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Àwa méjìlélógún. Ó di ìgbà tí mínísítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kí á tó jáde. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ — ọ̀gá wa, nítorí kọ́kọ́rọ́ tó ń ró níbàdí rẹ̀ bíi ṣaworo — kó fóònù gbogbo wa sínú báákẹ́ẹ̀tì, ó dé e. Ẹ̀ṣọ́ ṣí ìwé yìí wò, ó rí iye ọṣẹ àti iye kẹrosíìnì, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi. Ó dára. Ọṣẹ ni mo máa pe ewé títí màá fi jáde.

Alágọ́ọ̀mù ni wọ́n tún fi sí tábìlì mi, ọmọkùnrin tó ń po gọ́ọ̀mù. Garawa gọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n gbé fún un. Mẹ́fà ni lọ́dún tó kọjá. Mo bi í léèrè.

“Èmi ò mọ̀ o, Màmá. Bóyá itọ́ ni wọ́n fẹ́ ká fi máa lẹ̀ ẹ́.”

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo tún garawa náà kà. Méjì ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Ìdì kẹjọ: ọṣẹ méjìlélógún. Bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá. Àwọn tó ní ọ̀nà ti ní in nìyẹn.

Ọkùnrin kan wọlé, onítáì, okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ń mú un kiri bí ẹni ń sin àna. Ó wọn ògiri. Ó wọn ilẹ̀ abẹ́ tábìlì wa — ó ní ká jọ̀ọ́ ká gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó wọn fífẹ̀ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi ọ̀gá ta nìyẹn. Ó ní, “Àlejò ni, Ìyá Aṣírò.” Orúkọ tí wọ́n sọ mí níbí nìyẹn.

Ta ló ń wọn ilẹ̀kùn? Ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan gba ibẹ̀ ni. Kí ló wà nínú yàrá yìí tó ṣeé gbé ju ẹ̀rọ wa lọ?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Ìkejìlá: ọṣẹ mọ́kànlá. Mẹ́rìnlá ni tẹ́lẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣàìsàn lọ́dún yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Tiwa dé lónìí. Ìdì kẹtàdínlógún.

Márùn-ún ni lọ́dún tó kọjá. Márùn-ún lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Márùn-ún láti ìgbà tí mo ti ń kà á.

Mẹ́ta.

Mo fi omi tọ́ àtàǹpàkò, mo tún un kà. Mo mú ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn nínú irínwó tó wà nílẹ̀. Mẹ́ta. Mo ti ọ̀kan sọ́dọ̀ Alágọ́ọ̀mù bí ẹni tí ọwọ́ ń ro, mo ní kó bá mi tò ó. Ìka rẹ̀ rìn lórí etí ìwé náà, ó dúró. Ó wò mí.

“Kí ló dé, Màmá?”

Mo ní àtàǹpàkò ló ń dùn mí. Ṣé òun náà ń kà ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

A ń jẹun ọ̀sán. Alágọ́ọ̀mù ní tó bá jẹ́ pé òun ló tó ọjọ́ orí mi, òun ì bá ti kọ lẹ́tà yẹn kí yíǹkì ìkéde tó gbẹ.

Kí ló kàn án? Bí mo bá lọ, òun ló kàn láti jókòó sórí àga olórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa ti ilé ìtẹ̀wé pa, àga wo ló fẹ́ jókòó lé? Èrò méjèèjì ò gba inú ìkòkò kan. Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Ìdì tó kẹ́yìn: ọṣẹ méjìlá. Mẹ́sàn-án ni tẹ́lẹ̀. Owó orí kì í sanra nítorí ire ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ mẹ́ta lé — nǹkan tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ni yóò jẹ́. Igba táyà wá sí mi lọ́kàn. Bí fóònù bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti búra.

Oorun ọ̀sán ò kùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìṣirò. Bí mi ò bá kọ lẹ́tà tí wọ́n sì ti ilé ìtẹ̀wé pa: owó oṣù méje lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin. Ìdá kan nínú márùn-ún ni iye ọjà fi ń gorí lọ́dọọdún, mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé yìí láti ìgbà pípẹ́. Oṣù méje tí wọn bá fún mi kẹ́yìn, nǹkan tí oṣù mẹ́rin ń rà lónìí ló máa rà. Bí mo bá kọ lẹ́tà: gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òrùlé ilé wa yóò parí. Bí mi ò bá kọ ọ́, tí wọn ò sì ti ilé náà pa: owó oṣù méjìdínláàádọ́ta ṣì ń bọ̀, òrùlé á parí náà, díẹ̀díẹ̀.

Orí ìdì kẹtàdínlógún ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ọṣẹ mẹ́ta.

Mo lọ bá Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ ọ́?” Ó ń fi àkísà nu kọ́kọ́rọ́ tí kò dọ̀tí. “Ìyá Aṣírò, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò ara yín.” Kò wojú mi. Ẹni tó mọ ire, bí ẹnu rẹ̀ ò bá lè sọ ọ́, ojú rẹ̀ á sọ ọ́. Ojú tirẹ̀ wà lára àkísà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta.

Ọ̀gá kà á, ó sì dì í mú pẹ́. Ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní mo ti ṣírò rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin ni gbígba lẹ́tà dópin.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹ̀ṣọ́ gbé rédíò ka orí tábìlì lọ́sàn-án. Mínísítà bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà: bó ṣe wà. Ilé ìwòsàn: wọ́n gé e. Mò ń mi orí sí ara mi bí olùkọ́ tó ń máàkì iṣẹ́. Ó dé orí owó ibodè. Táyà, láti ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo gbé ọwọ́ lérí.

Lẹ́yìn náà ló kan ilé ìtẹ̀wé ìjọba. Ó ní gbogbo owó àtúnṣe tí wọ́n ń ná sórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ti dópin. Ó ní wọ́n ti ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tuntun, àti pé ìwé àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ti ń tẹ̀ lókè òkun, ilé ìtẹ̀wé yìí ni yóò máa tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n pariwo. Alágọ́ọ̀mù gbá mi mọ́ra tòun ti gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ lọ dúró sídìí fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tó ń kún ewé márùn-ún. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Epo. Ìdè. Òrùlé tó ń jò. Bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtúnṣe wẹ́wẹ́wẹ́, ìlà lórí ìlà. Ẹ̀rọ tuntun, ìlà kan ló gbà. Ìṣẹ́ ló máa ń ní àlàyé púpọ̀. Owó ńlá kì í gba àyè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi wá. Kò jókòó. Ó ti dúró kí iye táyà wálẹ̀.

“O mọ̀.”

Mo ní ẹ̀gbọ́n, èmi kì í kà á.

“Mi ò bi ẹ́ bóyá o kà á. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ìwọ ni mo ní.”

Bàbá ilé ní kó mu omi. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ogún

Mo tètè dé ibi iṣẹ́ láti gba lẹ́tà mi padà. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ní ó ti lọ sí olú ọ́fíìsì láti aago mẹ́rin Ọjọ́rú, kò sí bí wọ́n ṣe ń gbà á padà.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀.”

Ó wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. “Ìyá Aṣírò, ìbúra kan náà la jọ ṣe. Tí mo bá ní kẹ́ ẹ mú un padà, ṣebí mo ti ka ìṣúná fún yín nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ta lẹ sọ fún?”

Ohun tó sọ yìí gan-an ni mo ti tò sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, tí mi ò lè sọ, torí mo mọ̀ pé kò ní gbà á lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ṣé ìbúra nìkan ni? Ṣé kò sí inú dídùn díẹ̀ nínú rẹ̀, pé olówó oṣù gíga kan ń lọ? N kò mọ̀. N kò ní mọ̀ láéláé.

Oṣù kan ni mo ní láti fi kọ́ Alágọ́ọ̀mù níṣẹ́ olórí tábìlì. Ó fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́sàn-án, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú o. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ máa ń kà á. Kí ni ìdì kẹtàdínlógún sọ fún yín?”

Mo ní, “Ó sọ pé mẹ́ta.”

Ìdì náà kò sì purọ́. Èmi ni mi ò bi í pé mẹ́ta kí ni.