Ìdọ̀bálẹ̀ Pẹ̀lúmi

                                        214 Cedar Bend Lane,
                                        Decatur, Georgia,
                                        U.S.A.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Lékan, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara Salimat ìyàwó wa le, ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ tìrẹ ju bí àwa ṣe gbọ́ ti bàbá wa lọ? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rí oorun sùn dáadáa? Mo rí fọ́tò ilé tí o ń kọ́ l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ọ kú ilé títí o fi máa kan páànù. Níbí, òtútù ti ń yọjú, èmi àti Gbémi ìyàwó mi sì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà híítà tí a máa ń jà lọ́dọọdún. Ara wa le, a dúpẹ́.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà mọ́ láti ìgbà tí fóònù ti sọ gbogbo wa di ọ̀lẹ. Bí o bá wá rí èyí, kí o mọ̀ pé ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ṣẹ Adédayọ̀ ọ̀rẹ́ wa, mo sì ṣẹ ọmọ rẹ̀.

O rántí Pẹ̀lúmi, ìwọ náà gbàdúrà fún un lórí fóònù lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló sì fi ń jẹun, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, tí wọ́n fi ń kọlu ara wọn bí àgbò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kó sì sáré la àárín àwọn géńdé kọjá. Running back ni wọ́n ń pe irú wọn. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, iṣan orúnkún rẹ̀ ọ̀tún já lórí pápá, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń gbààwẹ̀. Orúnkún yẹn ti gba àdúrà ju ààrẹ orílẹ̀-èdè lọ.

Àwa ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá ní eré kan tí a ń ṣe lórí fóònù, fantasy football. Olúkúlùkù á ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi jọ, á fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ṣe dáadáa tó lórí pápá ni máàkì rẹ á ṣe pọ̀ tó, a sì lè fi ẹnì kan pààrọ̀ ẹlòmíràn láàárín ara wa. Owó kò sí níbẹ̀ rárá, ife-ẹ̀yẹ oníke kan la ń dù. Mo fẹ́ràn ife yẹn ju bó ṣe yẹ àgbàlagbà lọ, mo jẹ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ, èmi ni mo mú Pẹ̀lúmi, nígbà tí kò tíì lè sáré. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, Dayọ̀ sì dì mọ́ mi. Wọ́n ní á padà sórí pápá ní oṣù Kọkànlá, mo bá ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a gbọ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ kó wálé fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbémi se ọbẹ̀, a gbé e dání, a lọ kí wọn ní Stockbridge. Bí ọmọ náà ṣe jáde láti yàrá, Yéjídé ìyá rẹ̀ yára sọ fún un pé kó má dọ̀bálẹ̀, kó kàn tẹríba. Ó ní rárá, ó nà gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Dídìde rẹ̀ ni mo wò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ òsì sábẹ́ ara, ìyẹn nìkan ló fi gbéra, ó wá wọ́ ọ̀tún tẹ̀lé e bí ẹni ń wọ́ àpò ìrẹsì. Yéjídé ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ rí i? It is well!” Dayọ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ọmọ náà gbórí sókè, ojú tèmi àti tirẹ̀ ṣe mẹ́rin.

O mọ iṣẹ́ mi. Ogún ọdún ni mo ti ń wo ọkọ̀ tó ní jàǹbá fún ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Mo máa yí i po lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ èyí tó ṣe é tún ṣe. Èyí tí àtúnṣe rẹ̀ kò bá bọ́gbọ́n mu, “total” la ń kọ sí i, ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀ ló sì ń lọ. Nígbà tí Pẹ̀lúmi wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó gbé Camry bàbá rẹ̀ kọlu igi. Ó ń sunkún tẹ̀lé mi yí ọkọ̀ náà ká, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ojú tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn náà ni mo gbé lọ kí aláìsàn, Lékan.

Gbémi ló ń wakọ̀ bọ̀ wálé. Èmi mú fóònù, mo fi Pẹ̀lúmi lọ Seth, ọmọ pásítọ̀ wa, pé kó fún mi ní ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá. Seth gbà kí a tó dé Decatur. N kò rántí pé gbogbo wa ni fóònù máa ń sọ irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Seth gbọ́ ibi tí mo ti ń bọ̀ kí n tó ta ọmọ náà lọ́pọ̀, òun náà bá já a sílẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó mú un. Ọmọ tí gbogbo wa jọ gbààwẹ̀ fún wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Yéjídé pe Gbémi. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹkún ló fi parí rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ gba ọmọ òun padà kí ọkàn rẹ̀ lè gbé sókè. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Pẹ̀lúmi máa padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, kóòṣì wọn á sì bi í bóyá ó ti ṣetán. Bó bá ní rárá, wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Mo ti fọwọ́ lé bọ́tìnnì tí màá fi mú un padà lórí fóònù, mi ò tẹ̀ ẹ́. Bó bá rò pé ojú mi ló rí ìwòsàn, tó lọ sáré, tí orúnkún náà tún já ńkọ́? Dayọ̀, tí a jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan ní Ifẹ̀, kò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Ìsinmi. Bẹ́ẹ̀, òun náà wà nínú eré yìí, kò sì mú ọmọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án òní ni Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi. Mo ti ń retí èébú. Ohun tó kọ nìyí: “Good afternoon, Uncle. Ẹ jọ̀ọ́ sir, ẹ má gbà mí padà torí Mommy. Everybody just keeps saying it is well, ẹ̀yin nìkan lẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ wá on Saturday, sir. Màá dọ̀bálẹ̀ again, ẹ wò ó dáadáa. Uncle, ṣé ẹ ti total mi ni?”

Ọkọ̀ tí mo ti wò kò lóǹkà, Lékan. Kò sí ọ̀kan tó bi mí léèrè rí.

Mo ń lọ ní Sátidé. Bá mi pe Dayọ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Má bá mi bẹ̀ ẹ́, ṣáà sọ fún un pé kó má kọjú sí tẹlifíṣọ̀n lọ́tẹ̀ yìí.

Kí Màmá fún mi, kí Salimat àti àwọn ọmọ. Gbémi ní kí n kí yín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ ibi tí yóò fojú sí,

Akíntóyè.