Ẹ̀rọ Tó Ní Kí Wọ́n Jókòó

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ètò tí mo kọ ti wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Nọ́ọ̀sì á tẹ ìgbóná ara ọmọ sí i, ẹ̀rọ á sọ bóyá kí wọ́n jókòó tàbí kí wọ́n wọlé bá dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà — Olóríkunkun — kò tilẹ̀ wojú ẹ̀rọ. Iwájú orí ọmọ ló ń fọwọ́ kàn. Inú bí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ó ní gbogbo ọmọ ni ẹ̀rọ mi ń ní kó jókòó. Mo ní ara wọn ni ò gbóná tó. Ó pòṣé. Èmi náà pòṣé — nígbà tó lọ tán.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwòsàn. Kí ni mo forí ṣe fọrùn ṣe fún, bó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ la ó máa fi wọn ibà? Ọ̀gá pè é. Láti ọ̀la, ohun tí ẹ̀rọ bá wí labẹ gé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ó ti ń gbọ́ràn. Kò kí mi.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ wọn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ìgbóná ara lé ní ogójì. Ẹ̀rọ ní kí wọ́n jókòó. Orí bẹ́ǹṣì ni gìrì ti mú ọmọ.

Mo ṣí iṣẹ́ mi wò. Bó bá ju méjìdínlógójì lọ: jókòó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó sì ju ogójì lọ: wọlé. Láti kékeré dé ńlá ni mo kọ ọ́, bí ẹni ń ka ení, èjì. Ẹ̀rọ kì í kà á dé ìsàlẹ̀ — èyí tó bá kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ohun tó ju ogójì lọ sì ti ju méjìdínlógójì lọ. Ìlà kejì ò ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tí mo dán an wò, mọ́kàndínlógójì ni mo tẹ̀. Ó ní jókòó, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Òpònú.

Mo gbé ìlà kejì sókè. Iṣẹ́ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ọmọ ti lajú. Ó bèèrè omi. Mo sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ dì mí lọ́wọ́ mú. “Akọ̀wé mi” — bó ṣe ń pè mí nìyẹn látọjọ́ tó ti wọ ilé wa. Ó ní nọ́ọ̀sì àgbà fọwọ́ kan ọmọ, ó ní kí àwọn máa wọlé, òun á rí ọ̀gá tó bá di wàhálà. Ó ní òun ìyá ọmọ lòun kọ̀. Òun ní ẹ̀rọ tí àbúrò ọkọ òun ṣe kò lè tan òun.

Mi ò tíì sọ fún un.