Ìhágún Ìyá Olùkọ́ àti Ọmọ Tó Ń Bá A Kọ Ọ́

Èmi tí gbogbo etíkun mọ̀ sí Ìyá Olùkọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélógójì kọ́ àwọn èèyàn ní wíwa káyáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan ń fi àjẹ̀ wà, lójú òkun, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti rọ, ọwọ́ mi kò gbé kálámù mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá ní kò pé, kó wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Agbẹjọ́rò mi ni kó mú un ṣẹ.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló ń bá mi kọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tí yóò jogún kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Kò burú, kò sí ogún kankan fún un níbí.

1. Ọgbà ọkọ̀, káyáàkì mọ́kànlá àti yàrá òkè tí mo dùbúlẹ̀ sí yìí, mo fi wọ́n fún Afínjú tó ń bá mi fọ ọkọ̀. Bó bá wù ú kó tà wọ́n, kó tà wọ́n. Bàbá mi ló so tèmi mọ́ mi lọ́rùn: ó kọ ọ́ sínú ìhágún tirẹ̀ pé bí mo bá kúrò létí omi, kí wọ́n lé ìyá mi jáde nínú ilé. Mo ti di ẹrù mi nígbà náà, mo fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán ilé. Mo tú ẹrù náà. Kí Ọlọ́run forí jì í, èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Ológbò tí a ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-mí, kí ẹlẹ́ja òdìkejì mú un. Ilé rẹ̀ náà ló kúkú ti ń jẹun.

3. Àpò afẹ́fẹ́ mẹ́fà tí a ń kì bọ ẹnu àjẹ̀, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ máa tẹnu mọ́ ọn fún wọn: bí ọkọ̀ bá dojú dé, má jọ̀wọ́ rẹ̀. Fẹ́ àpò náà, fi àjẹ̀ dábùú ọkọ̀, fi àyà wọ́ gòkè, kí o tó yí jókòó. Ṣùgbọ́n wíwọlé padà nìkan kọ́ ni ìgbàlà. Omi tó kún inú ọkọ̀ yóò tún dà ọ́ sílẹ̀, àfi bí o bá fi pọ́ńpù fà á jáde.

4. Pọ́ńpù ọwọ́ tó kọ́ sára ògiri, mo fi í fún àbúrò mi káfíńtà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí a kò kí ara wa. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, ihò ẹ̀yìn ọkọ̀ ni pọ́ńpù yìí wà, lábẹ́ ìdérí, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó kò lè dé. Àwọn apẹja tó rí i láti òkèèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọlé padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi tún dà á sílẹ̀. Mo pariwo fáyé gbọ́ pé àbúrò mi ló di ẹrù ọkọ̀ náà. Irọ́ ni. Èmi ni. Ọkọ mi ń ráhùn pé pọ́ńpù ń gbá òun lórúnkún, ó sú mi, mo sì sọ ọ́ sẹ́yìn.

Má dáwọ́ dúró, ọmọ mi. Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i.

5. Nípa ọmọbìnrin mi yìí. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ̀ ni mo ti ń wí fún un pé bó bá fi mí sílẹ̀, màá kú. Ó jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà kan lọ, ó kọ iṣẹ́ méjì. Ó ń yí mi lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ó ń yí mi lálẹ́, kò gbin. Lẹ́tà iṣẹ́ kẹta wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó máa ń yà wò mí ti kà á fún mi. Ọ̀la ni wọ́n ń retí rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ síbí pé ó di òmìnira lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ó kọ ọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Bàbá mi gan-an ni mo dà.

Ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ó di òmìnira lónìí. Mi ò mọ ẹni tí yóò yí mi lọ́la, ṣùgbọ́n kó fi kálámù sílẹ̀, kó máa lọ.

Èmi nọ́ọ̀sì ni mo kọ ìyókù yìí. Ìyá ní kí n kọ ọ́ pé òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, òun kò sì pè é padà.

Ìka Ìyá Olùkọ́ rèé, ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2019.

Àwọn tó rí i bó ṣe tẹ̀ ẹ́: Agbẹjọ́rò, Aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé.