Ilẹ̀ Gbígbóná fún Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹyin

Sátidé, ọjọ́ 11, oṣù kìíní, 2025
Mo bá Fẹ́misí ọmọ mi àti Gbémi ìyàwó rẹ̀ lọ yan táìlì ilé tuntun wọn ní Dacula, níbí ní Amẹ́ríkà. Mo ní kí wọ́n mú èyí tó dúdú díẹ̀, kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn. Wọ́n mú funfun. Ó dáa náà. Èmi kọ́ ni màá máa nù ún.
Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tẹ́ wáyà tó ń gbóná sábẹ́ táìlì yàrá ìsàlẹ̀. Ta ló fẹ́ sùn níbẹ̀? Gbémi ní, "Màmá mi ni, Mummy. Tí mo bá bímọ, tí wọ́n wá wẹ ọmọ. Ẹsẹ̀ wọn kì í gba òtútù."
Ẹsẹ̀! Obìnrin tó ń gbé Ìbàdàn!
Nígbà tí mò ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ wá se oúnjẹ Fẹ́misí kó tó lọ sí school, ilẹ̀ ilé mi ní Conyers yìí tutù bíi yìnyín. Ta ló tẹ́ wáyà sí i?

Mọ́ńdè, ọjọ́ 13
Láti òní lọ, Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹyin ni mò ń pe ìyá Gbémi nínú ìwé yìí.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 16
Fẹ́misí pè. Mo rò pé àlàáfíà mi ló ń béèrè. Rárá — bẹ́ẹ̀dì tí kò ga ló ń wá fún Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹyin. Orúnkún rẹ̀ ò lè gun àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ lọ́jọ́sí, orúnkún lónìí.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 19
Lẹ́yìn ìsìn, èmi nìkan wakọ̀ lọ sí Dacula. Mo ní kọ́kọ́rọ́. Mo ta òróró àdúrà sí gbogbo yàrá, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ. Yàrá ìsàlẹ̀, kọnkéré lásán — mo da ìyókù ìgò síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ pa á wọlẹ̀. Mo ní Olúwa, má jẹ́ kí obìnrin yẹn sùn nínú yàrá yìí. Kí n tó mọ̀, ó ti jáde lẹ́nu mi. Mo wá ṣe Àmín.

Fráídè, ọjọ́ 24
Seth tó ń tẹ́ táìlì ti parí yàrá ìsàlẹ̀. Fẹ́misí fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó rẹwà.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 29
Táìlì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Seth hú u, gbogbo rẹ̀ bá a wá sókè, wáyà já. Ó ní nǹkan ọlọ́ràá wà lórí kọnkéré, símẹ́ńtì ò lè dì í mú.
Fẹ́misí ní, "Mummy, ta ló máa da òróró sí ilé onílé?"
Mo ní ayé le.

Sátidé, ọjọ́ kìíní, oṣù kejì
Gbémi wá, tòun ti ikùn ńlá. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú. Ó ní yàrá ò ní tíì ṣe tán tí ìyá òun bá dé. "Mummy, ilé yín ò ní àtẹ̀gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbà wọ́n sọ́dọ̀. Yàrá tó bá gbóná jù ni kẹ́ ẹ fún wọn."
Yàrá mi ló gbóná jù.
Olúwa gbọ́ àdúrà. Kò ní sùn ní Dacula. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń bọ̀.