Etí Tí Mo Fi Purọ́ ní Òkìtì Scarrow

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹrin, 1966

Ọmọ àgùntàn méjì míì. Ìkan kò ní orí mọ́, ìkejì ìrù nìkan la rí. Ó di márùn-ún láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ògiri òkúta, ó lọ tààrà sí òkìtì àpáta Scarrow. Ọ̀gbẹ́ni náà kò tilẹ̀ fara pamọ́!

Mo pàdé Wilf Tyson lẹ́nu géètì. Oko rẹ̀ ló súnmọ́ tiwa jù. Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta òun á mú Twig wá, ajá kékeré rẹ̀ tó ń wọ ihò. Ó dáa. Ajá yẹn kì í bá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jà. Á kàn dúró níwájú rẹ̀, á máa gbó, á máa gbó, títí ilé á fi sú onílé tí á sì sá síta. Lẹ́yìn náà Wilf bi mí nípa àgùntàn olójú dúdú. Mo ní ó bí méjì lánàá, ìkan ti kú. Ó wò mí bákan ṣá, ó sì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14

Hilda ìyàwó mi—Ọ̀gá ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò gbọdọ̀ mọ̀—ní kí n dín rédíò kù, pé adìyẹ ti sá kúrò lágbàlá. Irọ́ ni. Mo bu òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí etí méjèèjì. Ti òsì ti kọṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Ti ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń fìwà jọ ẹnìkejì rẹ̀. Èérí etí lásán ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àbámẹ́ta, 16

Òtútù. Èmi, Wilf, àwọn Dixon méjèèjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, pẹ̀lú ìbọn. Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ ni Twig wọ ihò. Wilf kọ́kọ́ bọ́ ọ̀já ọrùn rẹ̀ kó má baà há sí àpáta, ó sì fẹnu ko orí rẹ̀ nígbà tó rò pé a ò wo òun. Láti oṣù kejì tí Agnes ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ajá yẹn nìkan ló kù nínú ilé. Orí àga Agnes ni ajá náà ń sùn.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ já síta nísàlẹ̀. Dixon ẹ̀gbọ́n yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Akọ ni, arúgbó, eyín iwájú ti tán lẹ́nu rẹ̀. Kò lè lé ehoro mọ́, ló fi ń jí ọmọ tuntun gbé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rántí ọmọ àgùntàn márùn-ún, àánú náà dín kù.

Twig kò jáde.

Wákàtí kan. Wilf súfèé súfèé. Lẹ́yìn náà òkúta kan yẹ̀ nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún—àwọn ló sọ pé ó dún—gbogbo wọn bá kọjú sí mi. Wilf ní, "Joss, etí ẹ dà? Ó yá!" Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fetí lé òkúta láti wá ajá tó há. Ajá mọ́kànlá ni wọ́n ti wú jáde níbi tí mo tọ́ka sí. Wilf máa ń fi mí yangàn nílé ọtí, pé mo lè gbọ́ bí eèrà ṣe ń yán.

Mo na ara sílẹ̀, mo gbé etí ọ̀tún lé òkúta. Gbogbo wọn dákẹ́, wọn ò tilẹ̀ mí.

N ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó yẹ kí n dìde kí n sọ bẹ́ẹ̀. Àfi bí mo ṣe nàka: "Ibí yìí ni. Á jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀.

Àìkú, 17

A ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ—òkúta lásán. Wọ́n ní kí n tún gbọ́ ọ. Mo ní ó ti sún sọ́wọ́ òsì díẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ Ajé, 18

Òjò. Ẹsẹ̀ mẹ́tàlá. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ—ṣùgbọ́n ta ló ń kú?

Ìṣẹ́gun, 19

Ọ̀gá bá wa gòkè, ó gbé tíì àti búrẹ́dì oníwàràkàṣì dání. Àtẹ́lẹwọ́ Wilf ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà lára igi dígà. Ó ṣì ń wa ibi tí mo tọ́ka sí. Ó wá kọjú sí mi: "Bá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, Joss, jọ̀ọ́. Sọ fún mi tó bá ṣì wà láàyè." Ètè rẹ̀ ni mo kà. N ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Etí mi ti di, Wilf. Láti Àbámẹ́ta n ò gbọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni mo ń pa fún yín."

Mo ń retí ẹ̀ṣẹ́. Wilf kàn jókòó.

"A mọ̀," ó ní. "Láti Kérésì la ti mọ̀. Lọ́jọ́rú tó kọjá mo bi ẹ́ pé báwo lara àbúrò ẹ obìnrin tó wà ní ọsibítù. O ní ó bí méjì, ìkan ti kú."

Dixon àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu.

Kì í ṣe àgùntàn olójú dúdú ló ń béèrè nígbà náà.

Inú bí mi ju bó ti yẹ lọ. Mo pariwo mọ́ wọn, èmi ẹlẹ́bi: "Tẹ́ ẹ bá mọ̀, kí lẹ wá ń wa ilẹ̀ fún?" Wilf ní, "A ò fẹ́ dójú tì ẹ́. Mo tún rò pé bóyá ti inú àpáta yàtọ̀, pé egungun lo fi ń gbọ́ ìyẹn." Ọjọ́ mẹ́rin! Èmi ń bo àṣírí ara mi, àwọn náà ń bá mi bò ó, ajá sì wà nísàlẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi kò rìn jìnnà.

Ọ̀gá gbé tíì sílẹ̀. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó na ara sílẹ̀ lórí òkúta tútù, ó ń fi ìgúnpá wọ́ lọ sókè, etí mọ́lẹ̀. Obìnrin kì í ṣe èyí lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Nídìí igi tínrín kan ó gbé ọwọ́ sókè. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún sí ihò tí mo ní kí wọ́n wà.

Ó kọjú sí mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀. "Kò gbó. Ó ń họ nǹkan."

Ọjọ́rú, 20

Ó jáde! Agogo méjì ọ̀sán. Òkúta pẹlẹbẹ kan ló yẹ̀ tó dí i mọ́. Àwa mẹ́rin la fi irin gbé e. Imú kọ́kọ́ yọ, ó dúdú, ó ń mì. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ó mu omi, ó sì gbìyànjú láti bu Dixon ẹ̀gbọ́n jẹ, nítorí náà ara rẹ̀ le. Wilf fi í sínú ẹ̀wù rẹ̀, ó ń sunkún gbangba. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délẹ̀. Ó tọ́ sí mi.

Ẹtì, 22

Mo kọjá níwájú ilé Wilf lẹ́ẹ̀mejì. N ò lè kan ilẹ̀kùn.

Àìkú, 24

Wilf dé lẹ́yìn ìsìn, òun àti Twig. Ó dúró sójú mi, ó ya ẹnu gbàgà bí ẹni tó ń bá àlejò tí kò gbédè sọ̀rọ̀: "Ajá kan há sí àpáta ní àfonífojì kejì. Wọ́n ń wá etí." Ọwọ́ mi ti wà lórí fìlà. Ó mi orí. "Hilda ni wọ́n ń pè, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ gbé ṣọ́bìrì." Ó dùn mí. Lẹ́yìn náà mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ti wọ bàtà tán ká tó sọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tí mò ń wá ṣọ́bìrì, Twig wá dúró níwájú mi. Ó ń ya ẹnu, ó ń pa á dé. Mo lóṣòó, mo gbé ọwọ́ lé e láyà.

Ó ń gbó.