Àpò Kẹ́tùlù Tí Wọ́n Fún Rodney

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Cobden,
                                        Hartlepool.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2023.

Enid, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Èmi ṣì wà láyé. Láti ìgbà tí Nora ìyàwó mi ti kú, mi ò ní ju ìyẹn lọ láti sọ nípa ara mi. Nọ́ọ̀sì tó ń di egbò ẹsẹ̀ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Rodney ló ń bí mi nínú. O rántí rẹ̀, ọ̀gá báńkì tẹ́lẹ̀ tó ń gbé ilé ńlá lókè àdúgbò wa. Òun náà ti ń bá wa tò ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì báyìí láti gba oúnjẹ ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Maureen, opó tó ń pín oúnjẹ, fún mi ní ẹ̀wà inú agolo àti pòtétò. Obìnrin yìí nìkan ló máa ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ó wá gbé àpò mìíràn fún Rodney: kọfí, bísíkíìtì, núdù inú ife, àní ṣokoléètì! Ó tún fọwọ́ kàn án léjìká.

Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Maureen, ṣé torí pé ó wọ táì ni? Ẹni tó ti ń jẹ ayé látọjọ́ yìí náà lẹ tún ń kẹ́!"

"Bàbá Wilf, ẹ rọra. Àpò kẹ́tùlù nìyẹn."

"Kẹ́tùlù wo? Ta ni ò ní kẹ́tùlù nílé?"

Rodney ló dá mi lóhùn, ó ń wo bàtà rẹ̀. "Wilf, omi nìkan ni mo lè fi kẹ́tùlù iná mànàmáná sè. Mi ò rí owó fi sí mítà gáàsì ìdáná látìgbà Kérésì. Gba ṣokoléètì, kó o gbé sítóòfù rẹ fún mi."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí inú mi rọ̀, ṣùgbọ́n Maureen ní kí Rodney wá jẹ ẹran sísun nílé òun lọ́jọ́ Àìkú. Enid, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tò níwájú obìnrin yìí, kò pè mí rí, torí pé sítóòfù mi ń ṣiṣẹ́!

Kí Rodney tó la ẹnu, mo ti pariwo pé, "Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀! Mo ní gáàsì, mo ní pòtétò."

Maureen ní, "Ẹ mà láàánú o, Bàbá Wilf." Mi ò já a níyàn.

Bá mi kí gbogbo ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, màá bọ́ Rodney yó débi tí kò ní rántí ọ̀nà ilé Maureen mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì kú,
Wilf